Páànù Ilé Adìyẹ Tí N Kò Gé Tán

Àjọkẹ́, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta, ọdún 1991. Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà tún ni òní. Ọdún márùn-ún! N kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá mi kà á.

Ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kọjá, bí ọjọ́ yìí bá ti ń bọ̀, mo máa ń kọ ìwé sí ọ, a ó sì kà á sókè nínú ilé lẹ́yìn àdúrà, níṣojú Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀díjí, ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo máa ń ròyìn ilé fún ọ. Mo máa ń sọ pé àárò rẹ ń sọ wá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò fi sínú ìkankan nínú àwọn ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú èyí ni n ó kọ ọ́ sí. Moṣọpẹ́ ọmọ rẹ bi mí léèrè rẹ̀ ní oṣù tó kọjá, n kò sì tíì dá a lóhùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé bí mo ti máa ń ṣe.

Moṣọpẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti ga jù ọ́ lọ. Oṣù karùn-ún ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ń fọkàn tán an. Ọpẹ́yẹmí tí o fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé bíi tìrẹ. N kò bá a wí sí i.

Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ kò tíì dákẹ́. Moṣọpẹ́ ló ń lò ó. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bá àwọn aládùúgbò rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ wọn, ó sì máa ń fi eyín já òwú bí o ti ń ṣe, bí mo tilẹ̀ ra abẹ fún un.

Ilẹ̀ tí a jọ lọ wò ní ẹ̀yìn àdúgbò Adéwọlé, nínú Ìlọrin yìí, mo ti kọ́lé sí i. Yàrá méjì àti pálọ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1993 ni a kó wọ ibẹ̀ láti àdúgbò Gàmbàrí. Mo ní kí kápẹ́ńtà ṣe àwọn fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ ju ti gbogbo ilé tó yí wa ká, kí atẹ́gùn lè máa wọlé dáadáa. Kápẹ́ńtà bi mí pé, "Ta ló ní ikọ́ nínú ilé yín?" Mo ní kò sí.

A kò sin adìyẹ. Ọpẹ́yẹmí ti bẹ̀ mí fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo ní rárá. Ó bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Àjọkẹ́, ìròyìn ilé tán.

Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀, kí ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra, kí ó má fo ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe. Èyí tí ìwọ ti mọ̀, fi ara dà á, nítorí àwọn ọmọ rẹ yóò gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ dá èmi àti àwọn méjìlélọ́gọ́rin mìíràn dúró. Fún oṣù méjìdínlógún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ la fi ń jẹun. Ní oṣù kìíní ọdún 1991, gààrí ni a jẹ fún ọjọ́ mẹ́tàlá, àárọ̀ àti alẹ́, èmi ni mo kà á. Ìgbà náà ni o sọ pé kí a sin adìyẹ. O ní, "Bàbá Moṣọpẹ́, adìyẹ kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ènìyàn." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni o gbé wọn dé, ogójì ọmọ adìyẹ nínú páálí méjì. Yàrá kan ṣoṣo la ní ní Gàmbàrí. Bí a bá kó wọn síta, ológbò á jẹ wọ́n, àwòdì á gbé wọn. A kó wọn sí ẹsẹ̀ ibùsùn. A gbé àtùpà sí àárín wọn kí òtútù òru má baà pa wọ́n. Gbogbo yàrá ń rùn fún kẹrosíìnì, fún ìyẹ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ikọ́ fée tó ti ń bá ọ jà láti kékeré dìde.

Mo mọ ìró rẹ̀. Ó máa ń dún nínú àyà rẹ bí ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan fi nǹkan gbọ́ àyà rẹ, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ sin àbí ìyàwó? Ẹ kó nǹkan yẹn kúrò níbi tí obìnrin yìí ń sùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó fún ọ ní oògùn tí wàá máa lò bí èémí bá há. Èmi ni mo gbé oògùn náà sí orí kọ́bọ́ọ̀dù kí ọwọ́ Ọpẹ́yẹmí má baà tó o. Òkè pátápátá ni mo gbé e sí.

Èyí ni ìdí tí mo fi ń kánjú. Kí àwọn ọmọ mọ èyí. Kì í ṣe nítorí adìyẹ ni mo ṣe ń gé páànù lọ́jọ́ náà. Nítorí àyà rẹ ni.

Láti Ọjọ́rú títí di ọjọ́ Ẹtì ni mo fi kan igi ilé adìyẹ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Pákó àpótí ni mo lò, mo fi wáyà yí i ká. Òrùlé ló kù. Mo ti rí páànù àlòkù mẹ́ta tí wọ́n tú kúrò lórí ilé àtijọ́ kan ní ẹ̀yìn Ọjà-Ọba. Wọ́n ti dípẹtà, wọ́n sì gùn ju ilé adìyẹ lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin. Bí mo bá kàn wọ́n mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ á ká òrùlé àti ilé pọ̀ lọ. Àfi kí n gé wọn.

Mo lọ bá Ṣàmsúdéènì, ẹni tó ń fi páànù ṣe kẹ́ẹ̀gì ìbomirin ní iwájú ilé wa, pé kó bá mi gé e. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ dúró di ọjọ́ Ajé. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé tèmi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní pariwo."

Mo ní n kò lè dúró di ọjọ́ Ajé.

Ó ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fi gé e? Eyín?"

Mo ní mo ní àdá àti òòlù.

Ó ní, "Ha! Páànù kì í ṣe pépà ìdánwò o. Tí ẹ bá fi àdá gé e, gbogbo Gàmbàrí ló máa mọ̀ pé Akọ̀wé ń kọ́lé."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, mo tẹ́ páànù àkọ́kọ́ sórí igi. Mo fi ìṣó fa ìlà sí i. Mo gbé ojú àdá lé ìlà náà, mo sì fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ti wọ ọjọ́ keje. Gbogbo agboolé dákẹ́, àwọn ènìyàn ti wọlé lọ fara lélẹ̀ nínú ooru. Èmi nìkan ni mò ń pariwo. Hàlímọ̀tù, ìyàwó onílé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Jummai, bọ́ síta, ó di orí mú.

"Bàbá Moṣọpẹ́! Ṣé òòlù lẹ fẹ́ fi tú wa láàwẹ̀ ni?"

Ìwọ lo dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. "Ìyá Jummai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi fara dà á di ọ̀sán. Àwọn adìyẹ yìí ni kò jẹ́ kí n mí."

Ó ní, "Tí wọ́n bá dàgbà, tèmi ni àkùkọ tó tóbi jù nínú wọn. Owó orí fífọ́ mi nìyẹn."

O rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gé ẹ̀rín náà kúrú. Mo gbọ́ ọ, mo sì tún gbé òòlù.

O rán Moṣọpẹ́ lọ pọn omi ní ẹ̀rọ òpópónà kejì, nítorí tiwa kò yọ omi láti ọjọ́ méje. Ó mú Ọpẹ́yẹmí dání. Ó ku èmi àti ìwọ. Mo gé páànù àkọ́kọ́ tán. Mo tẹ́ èkejì. Rédíò inú ilé Ṣàmsúdéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn aago méjìlá tán. Oòrùn dúró sí àárín orí mi, òjìji mi sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an. Mo gé ìlà náà dé ìdajì.

Nígbà náà ni mo gbọ́ orúkọ mi.

"Láníyọnu."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ohùn náà tín-ín-rín. Ó bọ́ sí àárín ìgbà tí òòlù gòkè àti ìgbà tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Mo gbé òòlù dúró sókè. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. N kò rí ẹnikẹ́ni.

Àjọkẹ́, ta ló ń pè mí ní Láníyọnu ní Ìlọrin nígbà náà? Àwọn ará ilé ń pè mí ní Bàbá Moṣọpẹ́. Àwọn ará iwájú ilé ń pè mí ní Akọ̀wé. Ìwọ tí mo fẹ́ sílé fún ọdún mẹ́tàlá, o kò pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan rí, ìyá rẹ tọ́ ọ dáadáa. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ọdún kẹta sì nìyẹn tí a ti sin ín. Òun ló sì kọ́ mi, láti ìgbà tí mo ti ń fà tẹ̀lé e lọ sóko, pé, "Láníyọnu, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lọ́sàn-án gangan, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu mọ́. Ènìyàn á tún pè. Ohun tí kì í ṣe ènìyàn kì í pè lẹ́ẹ̀mejì."

Mo pa ẹnu mọ́. Mo dúró de èkejì.

Èkejì kò wá.

Ìgbà tí kò wá, ara mi bù máṣọ. Mo rò pé ìyá mi ni. Mo rò pé ikú ń wá mi kiri, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà nílé. Mo sọ òòlù kalẹ̀ sórí àdá, mo tún gbé e, mo fi agbára kún un. Mo lu páànù náà kí ariwo rẹ̀ lè lé ohùn náà jìnnà sí mi! Mo ka ọjọ́ tí a fi jẹ gààrí. Mo ka ọjọ́ tí omi kò yọ. Ṣùgbọ́n n kò ka iye ìgbà tí mo lu páànù lẹ́yìn tí o pè mí. Òun nìkan ni n kò kà.

Moṣọpẹ́ ló rí ọ. Ó gbé omi wọlé, mo sì gbọ́ tí garawa já lulẹ̀. O wà ní ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, o kọjú sí ọ̀nà fèrèsé. Àga ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Àwọn ọmọ adìyẹ ń ké nínú páálí. Ṣàmsúdéènì ló sáré lọ pe takisí. Ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀kan ni nọ́ọ̀sì ṣí ìpéǹpéjú rẹ, ó sì pa á dé. Nọ́ọ̀sì kan náà ni.

Bí Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀díjí ti dé láti Òkukù lọ́jọ́ kejì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "O wà nílé. Ṣé o kò gbọ́ ọ ni?"

Mo ní, "N kò gbọ́. Ariwo páànù ni."

Ó rọrùn láti sọ, Àjọkẹ́. Ó ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn kí n tó là á. Hàlímọ̀tù jẹ́rìí sí i pé bí ààrá bá sán lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Moṣọpẹ́ dúró tì mí, ọmọ ọdún méjìlá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Bàbá mi kò lè gbọ́ nǹkan kan. Òòlù ni." Bọ̀ọ̀dá wo òòlù náà níbi tó wà. Wọ́n ní, "Òòlù yìí ló pa àbúrò mi." Wọ́n mú un, wọ́n sì jù ú sínú ṣáláńgá. Ọdọọdún ni wọ́n fi ń ṣépè fún un nígbà tí wọ́n bá wá. Èmi a máa ṣe àmín.

Ṣàmsúdéènì kó àwọn adìyẹ lọ. Ilé adìyẹ náà wà láìní òrùlé títí igi rẹ̀ fi jẹrà. Ṣùgbọ́n páànù kejì, èyí tí mo gé dé ìdajì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí à ń kó kúrò ní Gàmbàrí, onílé fẹ́ fi bo balùwẹ̀. Mo ní rárá, mo gbé e wá síbí, mo fi í ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, etí méjèèjì ibi tí mo gé a máa lu ara wọn. Àwọn ọmọ rò pé ìṣọ́wóná ni, pé lọ́jọ́ kan n ó lò ó.

Ohun tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn tí o lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní òfin ìyá mi. N kò kọ́ wọn rí nígbà tí o wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o lọ, gbogbo ìgbà ni. "Ẹ má jẹ́ ìpè ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án. Ẹ dúró de èkejì." Mo kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ni ní àdúrà. Mo na Ọpẹ́yẹmí lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀, oṣù kẹjọ ọdún 1994. Ó ní láti jẹ́ òótọ́, Àjọkẹ́. Bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe. Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni mo ṣe?

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún yìí, ọyẹ́ kò jẹ́ kí páànù náà sinmi. Ó ń lu ara rẹ̀ láti àárọ̀. Ní ọ̀sán, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbé e dùbúlẹ̀. Mo fà á. Búlọ́ọ̀kù tí mo tò tì í ya lu ẹsẹ̀ mi, páànù náà sì bò mí mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi há. N kò lè yí. Moṣọpẹ́ wà ní ilé ìdáná, kò jìnnà sí mi ju ogún ẹsẹ̀ lọ.

Mo pè é. "Moṣọpẹ́!"

Ìró ṣíbí nínú ìkòkò dúró. Kò dáhùn.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni ń wò ó. Ó gbé ṣíbí dání, ó tẹ́tí, ó ń dúró de èkejì. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo dùbúlẹ̀ lábẹ́ páànù tí mò ń gé lọ́jọ́ tí o kú, mo wà ní ipò rẹ gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé èmi ní èémí tí mo lè fi pè lẹ́ẹ̀kejì.

Mo pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó sáré jáde, ó gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má bínú. Mò ń dúró ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo páànù náà, ó wo ìlà tó dé ìdajì, ó wá wo ojú mi.

"Bàbá. Lọ́jọ́ yẹn. Ṣé Màmá pè yín ni?"

Mo ní, "Gbé ìyókù kúrò lẹ́sẹ̀ mi."

Kò bi mí mọ́. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Bí mo bá wọlé, ó ń wò mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo lọ kí Hàlímọ̀tù ní Gàmbàrí. Mo sọ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé. Mo rò pé yóò gbè mí, nítorí òun náà máa ń sọ pé àǹjọ̀nnú kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n, Bàbá Moṣọpẹ́, inú ààwẹ̀ ni. Nínú ààwẹ̀, a ti so gbogbo ṣàìtánì àti àǹjọ̀nnú mọ́lẹ̀. Ta ló kù níta tó lè pè yín, bí kì í bá ṣe ènìyàn?"

Ó tún ní, "Inú yàrá ni mo wà lọ́jọ́ náà tí mò ń ṣépè fún òòlù yín. Ẹ má wá gba ìdáríjì lọ́wọ́ èmi. N kò ní in níbí. Ẹ lọ bá ọmọ yín."

Moṣọpẹ́, ìdáhùn rẹ nìyí. Ó pè mí. Mo gbọ́.

Títí dé ibí yìí ni mo kà fún wọn lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èyí tó kù, òwúrọ̀ yìí ni mo kọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀díjí kò pariwo. Ìbá sàn bí wọ́n bá pariwo. Wọ́n ní, "Ọdún márùn-ún ni mo fi bá òòlù jà." Wọ́n dé fìlà wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sìn wọ́n dé gáréèjì. Wọ́n ní kí n jókòó. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò tún wá.

Ọpẹ́yẹmí bi mí pé, "Kí ni Màmá fẹ́ sọ fún yín?" Mo ní, "Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn gbé oògùn wọn sọ̀kalẹ̀." Ó mi orí. Ó ní, "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Moṣọpẹ́ jókòó síbi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, kò sì rán nǹkan kan. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ara wọn ṣì gbóná. Mo fi pa mọ́ fún yín, kí ó má baà dùn yín." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ kọ ìyẹn náà sí i. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Mo ti kọ ọ́. Ara rẹ ṣì gbóná, Àjọkẹ́.

Mo bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, Bàbá." Òótọ́ ni ó sọ. N kò tún bi í. Ní àárọ̀ yìí, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ kí mi, mo sì pè wọ́n jókòó. Mo ní òfin ìyá mi ti kúrò nínú ilé yìí. Ẹni tó bá pè, ní àkókò yòówù, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan, bí ohùn rẹ̀ bá tín-ín-rín bí òwú, kí a dáhùn, kí a sì sáré lọ wò ó. Ọpẹ́yẹmí ní, "Tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe ènìyàn ńkọ́?" Ẹ̀rù bà mí bó ti bà mí lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Mo ní kó dáhùn síbẹ̀. Mo ní ohunkóhun tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, èmi ni kó bá.

Àjọkẹ́ mi! Aya tó bọ́ mi fún oṣù méjìdínlógún tí kò bú mi! Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan gba ọwọ́ òsì rẹ̀, tí èkejì gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀! Ọdún márùn-ún kò dín nǹkan kan kù nínú àárò rẹ. Ọ̀sán kankan kò mọ́ lára mi láti ìgbà náà. Bí oòrùn bá ti dé àárín orí, mo ti ń tẹ́tí nìyẹn. A fẹ́ràn rẹ nígbà tí o wà, a fẹ́ràn rẹ lónìí, bí a bá sì mẹ́nu ba orúkọ rẹ nínú ilé yìí, gbogbo òótọ́ ni a ó máa sọ nípa rẹ.

Moṣọpẹ́ àti Ọpẹ́yẹmí fọwọ́ sí ìwé yìí pẹ̀lú mi. Ọpẹ́yẹmí ló kọ orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà jù.

Èmi ni ọkọ rẹ, Láníyọnu. Èmi lo pè.